Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá (1904–1959): Iná Tí Kò Gbọdọ̀ Kú

Bí a ti ń rán aṣọ ẹgbẹ́, tí a sì ń pa màlúù, ó yẹ kí a rántí ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa nínú ìgbàgbọ́, kí a fi ìgbésí ayé rẹ̀ ṣe dígí tí a ó fi wo ara wa.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 1904 ni a bí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní Odò-Ọwá, ní apá ibi tí ó di ìpínlẹ̀ Kwara. Kì í ṣe ilé abọ̀rìṣà ni a bí i sí o, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì CMS ni. Ó kàwé díẹ̀, ó sì rí iṣẹ́ ìjọba gbà ní PWD, níbi tí ó ti ń wa katakata tí a fi ń tẹ ọ̀nà. Owó oṣù ń wọlé, ó sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ta ni kò ní sọ pé ó ti tó?

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1928, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, nítòsí Ìkéjì-Arákeji, katakata náà dákẹ́. Ó tún un títí, kò gbọ́. Níbẹ̀ ni ó ti jẹ́rìí pé òun gbọ́ ohùn Olúwa tí ó ní kí òun fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kí òun lọ wàásù. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó gbààwẹ̀, ó gbé Bíbélì àti agogo.

Ìlú rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ lọ, pẹ̀lú eérú lára, tí ó ń kéde ìrònúpìwàdà. Àwọn kan ní orí rẹ̀ ti dàrú. Nígbà tí àwọn ọmọ ìjọ CMS níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbàdúrà kíkankíkan, tí wọ́n ń ríran, ara àwọn àgbà ìjọ kò gbà á. Ó di dandan kí ó kúrò. Ní ìparí ọdún 1929 ni a rì í bọmi ní ọ̀sà Èkó nínú ìjọ Faith Tabernacle.

Ní oṣù keje ọdún 1930, àwọn olórí ìjọ náà péjọ sí Iléṣà láti jíròrò lórí ẹ̀kọ́ tí ó ń fa àríyànjiyàn láàrin wọn. Ẹnu ìpàdé náà ni wọ́n wà nígbà tí ìròyìn dé pé a gbàdúrà fún ọmọ kan tí ó ti kú, ọmọ sì jí. Ìpàdé tú ká. Èrò rọ́ wá sí Òkè-Oòyè láti gbogbo ìlú, wọ́n ń bu omi tí a gbàdúrà sí.

Ẹ jẹ́ kí a fiyè sí èyí dáadáa: ó ti pẹ́ tí ṣọ́ọ̀ṣì ti wà ní Iléṣà. Síbẹ̀, nínú oògùn tí àwọn ènìyàn kó jáde láti sun, ti àwọn tí ń jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi wà níbẹ̀. Orin ń bẹ lẹ́nu, ońdè ń bẹ nínú àpótí.

Wòlíì kò fi ìyẹn ṣe ibi ìsinmi. Ní ọdún 1932 wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Bìní. Nígbà tí ó jáde, iṣẹ́ ni ó tún bọ́ sí. Ó wà lára àwọn tí ó dá ìjọ Christ Apostolic Church sílẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn àti àwọn òyìnbó Apostolic Church pínyà lórí ọ̀rọ̀ lílo oògùn. Ní Ẹdẹ ni ó ti sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 1959, ẹni ọdún 55. Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè ni a sin ín sí.

Ẹ̀yin ará, ìwé tí a fi ń kọ orúkọ àwọn tó ń wá sí ìṣọ́ òru wà lọ́wọ́ wa. Ìwé owó àjọ̀dún náà wà lọ́wọ́ wa. Ká má purọ́, ìwé kejì kún ju èkínní lọ. Kòmítì wa pọ̀, ìpàdé kì í tán, ṣùgbọ́n ọjọ́ wo ni àdúrà tú ìpàdé wa ká gbẹ̀yìn? Àwa akọ̀wé pàápàá ń bá ara wa wí.

Àwọn bàbá wa dá iná, àwa ń yá eérú. Kí Olúwa fẹ́ ẹ, kí ó tún ràn lójú wa. Àmín.

Akọ̀wé Ìjọ