George Catlin

George Catlin (26 Oṣù Keje 1796 – 23 Oṣù Kejìlá 1872) jẹ́ ayàwòrán àti òǹkọ̀wé ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ó gbajúmọ̀ fún àwọn àwòrán tí ó yà nípa ìgbésí ayé ojoojúmọ́ àwọn ọmọ-ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

Wọ́n bí Catlin ní ìlú Wilkes-Barre, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Ó kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Litchfield, ó sì ṣiṣẹ́ agbẹjọ́rò fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó pa á tì nítorí àwòrán yíyà, iṣẹ́ tí ó fúnra rẹ̀ kọ́ ara rẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀

Ní ọdún 1830, ó dé St. Louis, níbi tí William Clark, alábòójútó ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ-ìbílẹ̀, ti ràn án lọ́wọ́. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba fọwọ́ sí òfin tí wọ́n fi lé àwọn ẹ̀yà ìlà-oòrùn Odò Mississippi kúrò lórí ilẹ̀ wọn. Èrò Catlin ni pé àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí yóò parun, ó sì fẹ́ fi àwòrán pa ìrántí wọn mọ́.

Ní ọdún 1832, ó wọ ọkọ̀ ojú omi gba Odò Missouri dé Fort Union, ó sì gbé láàárín àwọn Mandan. Yàtọ̀ sí àwọn olóyè bíi Mato-Tope, ó ya ilé tí wọ́n fi erùpẹ̀ bò, ijó wọn, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dọdẹ ẹfọ̀n, àti ayẹyẹ Okipa. Ní ọdún 1837, àrùn ṣọ̀pọ̀nná pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn Mandan, Mato-Tope náà sì bá a lọ. Láti ìgbà náà ni àwọn àwòrán yìí ti di ẹ̀rí pàtàkì nípa bí abúlé wọn ṣe rí ṣáájú àjàkálẹ̀ náà.

Àfihàn àti gbèsè

Catlin kó àwòrán tí ó lé ní 500 lọ sí London, ó sì ṣí àfihàn wọn síbẹ̀ ní ọdún 1840. Lẹ́yìn náà, ó mú àwọn ọmọ Ojibwe àti Iowa wá jó níwájú àwọn olùwòran. Àwọn kan nínú wọn kú sí ilẹ̀ Yúróòpù, ọ̀ràn yìí sì wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ fi ń bu ẹnu àtẹ́ lù ú.

Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Amẹ́ríkà kọ̀ láti ra àkójọ náà. Nígbà tí gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn ní ọdún 1852, Joseph Harrison, oníṣòwò ará Philadelphia, san lára gbèsè náà, ó sì gba àwọn àwòrán náà. Catlin kò rí wọn gbà padà títí ó fi kú ní Jersey City.

Ogún rẹ̀

Ní ọdún 1879, opó Harrison fi àkójọ náà ta Àjọ Smithsonian ní Washington lọ́rẹ, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ sì wà títí di òní. Àwọn Mandan kò parun gẹ́gẹ́ bí Catlin ti rò. Àwọn àtọmọdọ́mọ wọn ń gbé ní Fort Berthold, ní ìpínlẹ̀ North Dakota, pẹ̀lú àwọn Hidatsa àti Arikara.