Joseph Whitaker àti Motya, Ìlú tí Ilẹ̀ Bò Mọ́lẹ̀

Gbogbo ohun tí ìwé àtijọ́ sọ fún wa nípa ìparun Motya, ọ̀dọ̀ àwọn Gíríkì, ọ̀tá rẹ̀, ni ó ti wá. Ẹni tí ó jẹ́ kí ilẹ̀ ìlú náà sọ tẹnu rẹ̀ ni Joseph Whitaker, ẹni tí iṣẹ́ ìwalẹ̀pìtàn kì í ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀.

Ìlú Palermo ní erékùṣù Sicily ni a bí i sí ní 1850, nínú ìdílé oníṣòwò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ọtí wáìnì Marsala sọ di ọlọ́rọ̀. Ìmọ̀ nípa ẹyẹ ni ó kọ́kọ́ gbà á lọ́kàn. Ìwé rẹ̀ lórí àwọn ẹyẹ ilẹ̀ Tùnísíà jáde ní 1905. Sùúrù ẹni tí ń ṣọ́ ẹyẹ kò sì ṣàì wúlò fún un nígbà tí ó yá.

Nínú ọ̀sà tí ó wà nítòsí Marsala ni erékùṣù kékeré kan wà, San Pantaleo, tí ó tó nǹkan bíi hẹ́kítà 45. Abẹ́ ọgbà àjàrà àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ni Motya wà. Àwọn ará Fonísíà, ìran àwọn ará Tire àti Sidoni tí a ń kà nípa wọn nínú Bíbélì, ni ó tẹ̀ ẹ́ dó ní ọ̀rúndún kẹjọ ṣáájú ìbí Kírísítì. Ní ọdún 397 ṣáájú ìbí Kírísítì, Dionysius, aláṣẹ Syracuse, dó ti ìlú náà. Àwọn ará Motya ti fọ́ ọ̀nà olókùúta tí ó so wọ́n mọ́ ilẹ̀ ńlá. Dionysius di omi náà padà, ó sì yí ilé-ìṣọ́ onígi alájà mẹ́fà sún mọ́ odi. Láti ilé dé ilé ni wọ́n ti jà. Wọ́n pa púpọ̀, wọ́n sì kó ìyókù lẹ́rú. Bí Diodorus ṣe ròyìn rẹ̀ nìyẹn, ní ohun tí ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún lẹ́yìn ogun náà.

Schliemann, ẹni tí ó hú Troy jáde, walẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀ ní 1875, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Whitaker ní tirẹ̀ ra ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo erékùṣù fi di tirẹ̀. Ní 1906 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀. Ó rí ẹnubodè, àpáàdì àti orí ọfà. Ní apá àríwá, ó rí i pé orí itẹ́ òkú àtijọ́ ni odi ìlú gbà kọjá: ìlú ti ń sin òkú rẹ̀ síbẹ̀ tipẹ́ kí wọ́n tó mọ odi yẹn. Kò sí ìwé ìtàn kan tí ó sọ èyí. Lójú tiwa, ibí yìí ni iṣẹ́ rẹ̀ ti níye lórí jù lọ.

Adágún omi kan wà ní gúúsù tí ó pè ní èbúté. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Sapienza ti Róòmù ti fi hàn ní 2022 pé adágún mímọ́ ni, ìsun omi ni ó ń bọ́ ọ, ẹ̀gbẹ́ tẹ́ḿpìlì Baali ni ó sì wà. Ilẹ̀ tí Whitaker dáàbò bò ni wọ́n ti rí ẹ̀rí tí ó ta ko èrò rẹ̀.

Ìwé rẹ̀ lórí Motya jáde ní 1921; ó kú ní 1936. Delia, ọmọbìnrin rẹ̀, kú ní 1971, àjọ tí ń jẹ́ orúkọ Whitaker sì di olùtọ́jú erékùṣù náà. Ní 1979 ni a hú ère ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a fi òkúta mábù gbẹ́ jáde níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ẹni tí ère náà jẹ́.