Ìtàn Ìgbésí Ayé Kiichiro Toyoda

Bí ènìyàn bá dúró ní ẹ̀bá ọ̀nà ní GRA, ní ìlú Ìlọrin, ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń lọ sí ibi iṣẹ́ wọn, tí àwọn òbí sì ń gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwé, yóò rí oríṣiríṣi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ń kọjá lọ tí wọ́n ń kọjá bọ̀. Ní ìgbà kan rí, Peugeot, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kàdúná ní ọdún 1975, ni ọkọ̀ tí a mọ̀ mọ́ àwọn ọ̀gá iṣẹ́ ìjọba. Lóde òní, Toyota ni ojú ń rí jù: ti ọlọ́lá ń bẹ níbẹ̀, ti olùkọ́ ń bẹ níbẹ̀, ti awakọ̀ èrò pẹ̀lú kò gbẹ́yìn. Orúkọ náà ti mọ́ wa lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fi mọ̀ pé orúkọ ìdílé kan ni a yí padà díẹ̀ tí ó fi di orúkọ ọkọ̀.

Ìlọrin yìí kan náà ni ìlú tí a ti ń hun aṣọ òfì láti ayé àwọn baba ńlá wa. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti ahunṣọ rí yóò mọ̀ pé ojú rẹ̀ kì í kúrò lára òwú. Bí fọ́nrán kan bá já tí kò sì tètè rí i, àbùkù yóò wọ inú aṣọ, yóò sì di dandan kí ó tú èyí tí ó ti hun. Kí ẹ̀yin ọmọ fi èyí sọ́kàn, nítorí ní ìdí òfì ni ìtàn ọkọ̀ Toyota ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1867, ní abúlé kan tí a ń pè ní Yamaguchi ní ilẹ̀ Jàpáànì, ni a bí Sakichi Toyoda. Káfíńtà ni baba rẹ̀, wọn kò sì lówó lọ́wọ́. Sakichi a máa wo ìyá rẹ̀ bí ó ti ń fi ọwọ́ hun aṣọ, a sì máa ṣe é láàánú pé wàhálà náà pọ̀, èrè rẹ̀ sì kéré. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ igi, ó ń tò ó, ó ń tú u, títí ó fi ṣe òfì onígi tí ó dára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ní ọdún 1891 ìjọba fún un ní ìwé àṣẹ lórí rẹ̀. Kò dúró síbẹ̀. Ó ṣe òfì tí ń fi agbára ẹ̀rọ ṣiṣẹ́, ó sì fi ọgbọ́n kan sí i tí ó fi jẹ́ pé bí òwú bá já, ẹ̀rọ náà yóò dá ara rẹ̀ dúró, kí aṣọ má baà bàjẹ́.

Kiichiro ni àkọ́bí ọkùnrin yìí. Ọjọ́ 11 oṣù Òkúdù ọdún 1894 ni a bí i. Ìgbà èwe rẹ̀ kò rọrùn, nítorí iṣẹ́ àṣelàágùn ni baba rẹ̀ ń lé kiri ju ilé lọ. Ìyá rẹ̀ fi ilé ọkọ sílẹ̀ nígbà tí ọmọ náà wà ní ìkókó, ọwọ́ àwọn òbí baba rẹ̀ ni a sì fi í sí ní àárọ̀ ayé rẹ̀. Ó dàgbà di ọmọ jẹ́jẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ẹ̀rọ. Ní ọdún 1920 ó jáde ní Yunifásítì ìjọba ní Tokyo, níbi tí ó ti kọ́ nípa ẹ̀rọ, ó sì padà sí ọ̀dọ̀ baba rẹ̀. Ní ọdún 1924, baba àti ọmọ parí òfì kan tí kò lẹ́gbẹ́ nígbà náà: òwú tuntun ń wọ inú rẹ̀ láìjẹ́ pé a dá iṣẹ́ dúró, bí òwú bá sì já, ó dúró fúnra rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo lè máa mójú tó ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣùgbọ́n ọkàn Kiichiro ti ń rìn lọ sí ibòmíràn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún 1923, ilẹ̀ mì tìtì ní Tokyo àti àyíká rẹ̀. Ilé wó, iná jó, ojú irin sì bàjẹ́. Láti lè rí nǹkan fi kó èrò, ìjọba ìlú náà ra ọkọ̀ Ford láti Amẹ́ríkà. Láti ìgbà náà ni àwọn ará Jàpáànì ti rí i pé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kì í ṣe ohun ìṣeré ọlọ́rọ̀ nìkan. Kò pẹ́ tí Ford fi dá ibi ìtọkọ̀ sílẹ̀ ní Yokohama ní ọdún 1925, tí General Motors sì dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Osaka ní ọdún 1927. Ọkọ̀ àjèjì gba ìgboro kan. Ní ọdún 1929 Kiichiro rìnrìn àjò lọ sí Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba. Ní Ìlú Ọba, ilé-iṣẹ́ Platt Brothers ti Oldham, tí ó lókìkí nídìí ẹ̀rọ ìhunṣọ, ṣe àdéhùn láti san £100,000 fún ẹ̀tọ́ lórí òfì ìdílé Toyoda. Ọmọ káfíńtà abúlé ti ṣe ohun tí àwọn tí ó kọ́ ayé ní ẹ̀rọ ìhunṣọ fẹ́ rà. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, 1930, Sakichi kú.

Ní ọdún 1933, Kiichiro ṣí ẹ̀ka ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ nínú ilé-iṣẹ́ òfì wọn. Kì í ṣe gbogbo àgbà ilé-iṣẹ́ ni inú wọn dùn sí i, nítorí owó òfì ni wọn yóò fi bọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò tí ì mọ ibi tí yóò já sí. Kiichiro ra Chevrolet kan, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì tú u palẹ̀, wọ́n wọn gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀, wọ́n sì ya àwòrán wọn. Nígbà náà ni wọ́n tó mọ̀ pé wíwò nìkan kì í sọ ènìyàn di alágbẹ̀dẹ. Irin tí wọ́n yọ́ láti fi ṣe ẹ́ńjìnnì ń sán, ó ń ní ihò nínú. Wọ́n da púpọ̀ nù, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Èbìbí ọdún 1935, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wọn àkọ́kọ́ jáde. Nígbà tí ó di oṣù Ògún, ọkọ̀ akẹ́rù tẹ̀ lé e.

Ẹni tí ó bá gbọ́ ìyìn Toyota lónìí lè rò pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọkọ̀ náà ti lágbára. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù àkọ́kọ́ wọ̀nyí a máa dákú lójú ọ̀nà. Irin ẹ̀yìn wọn a máa ṣẹ́, àwọn tí ó rà wọ́n a sì máa kùn. Kiichiro kò bá wọn jiyàn. Ó rán àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ síbi tí ọkọ̀ bá kú sí, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n sì mú ìròyìn àbùkù náà padà wá sílé, kí a lè ṣe àtúnṣe sí èyí tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọgbọ́n òfì baba rẹ̀ ni ó ń lò: bí òwú bá já, dúró, wá ojú ibi tí ó ti já, so ó, kí o tó máa hun lọ.

Ní ọdún 1936, wọ́n pe àwọn ará ìlú láti wá àmì fún ọkọ̀ náà, iye ohun tí ó wọlé sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27,000. Láti inú rẹ̀ ni Toyoda ti di Toyota. Ó rọrùn láti pè, ìkọ̀wé mẹ́jọ péré ni a fi ń kọ ọ́ ní èdè wọn, oríire sì ni wọ́n ka ẹẹ́jọ sí. Ní ọjọ́ 28 oṣù Ògún ọdún 1937, Toyota di ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀, ní ọdún 1938 sì ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ibùdó ńlá tí wọ́n kọ́ sí Koromo. Níbẹ̀ ni Kiichiro ti fi òfin kan lélẹ̀: kí ohun èlò má ṣe pẹ́ dé, kí ó má sì ṣe pọ̀ jù, ìwọ̀n tí a nílò, ní àkókò tí a nílò rẹ̀, ni kí ó dé. Gbogbo ayé ni ó ń kọ́ ọgbọ́n yìí nísinsìnyí.

Ogun Àgbáyé Kejì da ètò yìí rú. Ọkọ̀ akẹ́rù fún àwọn ọmọ ogun ni wọ́n ń ṣe. Ní ọjọ́ 14 oṣù Ògún ọdún 1945, tí ó ku ọjọ́ kan ṣoṣo kí Jàpáànì kéde pé òun juwọ́ sílẹ̀, àdó olóró balẹ̀ sí ibùdó Koromo, ó sì ba apá kan rẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn ogun, ebi wà ní ìlú, owó kò sì sí. Nígbà tí ó di ọdún 1949, Toyota ń ta ọkọ̀ ṣùgbọ́n kò rí owó rẹ̀ gbà bọ̀, gbèsè sì mù ún dé ọrùn. Kiichiro ti ṣèlérí fún àwọn òṣìṣẹ́ pé òun kì yóò lé ẹnikẹ́ni. Àwọn ilé ìfowópamọ́ tí ó fẹ́ gba ilé-iṣẹ́ náà là ní tiwọn wí pé àfi kí iye òṣìṣẹ́ dín kù. Ní oṣù Igbe ọdún 1950 àwọn òṣìṣẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀, ìjà náà sì gbà tó oṣù méjì.

Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Bí Kiichiro bá mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, ilé-iṣẹ́ yóò wó, gbogbo wọn yóò sì pàdánù iṣẹ́. Bí ó bá yẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò níyì mọ́. Òṣìṣẹ́ tí ó ju 2,000 ni ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbẹ̀yìn. Kiichiro kò jókòó sórí àga kí ó máa wo ẹ̀yìn wọn bí wọ́n ti ń lọ. Ní oṣù Òkúdù ọdún náà, òun pẹ̀lú kọ̀wé fi ipò olórí sílẹ̀. Ní oṣù yẹn kan náà ni ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Kòríà, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọkọ̀ akẹ́rù Toyota. Ìtura tí ó ń wá kiri dé nígbà tí ó ti jáde nílé. Ní ọdún 1952 wọ́n gbà pé kí ó padà wá sí ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n kó tó gorí àga, àìsàn òjijì kọlù ú, ó sì kú ní ọjọ́ 27 oṣù Ẹrẹ́nà, ní ọmọ ọdún 57. Kò fojú rí Corolla tí ó jáde ní ọdún 1966, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀ pé ní ọdún 1959 ni a ó yí orúkọ Koromo padà sí ìlú Toyota.

Kí ni àwọn tí ó ni ọkọ̀ yìí ní Ìlọrin ń wí nípa rẹ̀? Àwọn tí ń yìn ín wí pé kò sí mẹkáníìkì tí kò mọ inú rẹ̀, pé ẹ̀yà ara rẹ̀ kò ṣòro láti rí ní ọjà, pé ó ń fara da ọ̀nà gbágungbàgun, àti pé bí a bá fẹ́ tà á, oníbàárà kì í pẹ́ dé. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ra tòkunbọ̀ rẹ̀ tí kò bẹ̀rù pé ẹlòmíràn ti lò ó. Àwọn mìíràn ń kùn pé owó rẹ̀ ti wọ́n jù, pé ó wu olè, àti pé nítorí òkìkí rẹ̀ ni ayédèrú ẹ̀yà ara fi kún ọjà. Ẹjọ́ ayédèrú kì í ṣe ti ẹni tí ó ṣe ojúlówó, ṣùgbọ́n ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kú sójú ọ̀nà kì í ro ti ìyẹn.

Òkìkí pàápàá kì í dá àbùkù dúró. Láàárín ọdún 2009 àti 2010, Toyota pe ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọkọ̀ padà káàkiri ayé nítorí ẹsẹ̀ ìtẹná tí ó lè há. Akio Toyoda, ọmọ-ọmọ Kiichiro, ni olórí nígbà náà; ní oṣù Èrèlé ọdún 2010 ó dúró níwájú ilé aṣòfin Amẹ́ríkà, ó sì tọrọ àforíjì.

Ẹ̀kọ́ ìtàn yìí kò fara sin. Kiichiro kò borí nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ kò ní àbùkù, bí kò ṣe nítorí pé kò fi àbùkù pamọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá rí i pé ìṣirò òun kùnà, tí ó sì padà sí ìlà tí ó ti ṣì í, ọgbọ́n ahunṣọ ni ó ń lò. Nígbà tí Toyota mìíràn bá kọjá lára yín ní GRA, ẹ rántí òfì ìyá Sakichi, àti ọkùnrin tí ó gbin igi tí kò jókòó sábẹ́ òjìji rẹ̀.