Ìtàn Ọ̀mọ̀wé Samuel Johnson, Ẹni tí ó Túmọ̀ Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Kì í ṣe Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́, ẹni tí ó kọ ìtàn ilẹ̀ Yorùbá, ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín, bí kò ṣe ẹni tí ó jẹ́ orúkọ kan náà ṣáájú rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìlú Lichfield ni a bí i sí ní ọdún 1709. Òǹtàwé ni baba rẹ̀. Láti kékeré ni ojú rẹ̀ kò ti ríran dáradára, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ìwé púpọ̀. Ó lọ sí Oxford, àìlówó sì mú un jáde kí ó tó gba oyè. Ó dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Edial. Àwọn ọmọ tí ó wá kò tó nǹkan, ilé-ẹ̀kọ́ náà sì tú ká. Ní 1737 ó kọrí sí London láti fi kálàmù wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀.

Ní ìgbà náà àríyànjiyàn pọ̀ láàárín àwọn Gẹ̀ẹ́sì lórí èdè wọn. Ní 1746 àwọn òǹtàwé bá Johnson ṣe àdéhùn pé kí ó ṣe ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Ó rò pé ọdún mẹ́ta yóò tó. Ó gbà á tó ọdún mẹ́sàn-án. Aya rẹ̀ kú ní 1752. Síbẹ̀ kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ìwé náà jáde ní 1755, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì ju 40,000 lọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀kan. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ a máa lo “learn” fún ẹni tí ń gba ẹ̀kọ́ àti fún ẹni tí ń fi í fún ni, gẹ́gẹ́ bí àwa ti ń lo “kọ́.” Johnson kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìlò kejì ti di ohun àtijọ́, ó sì ṣàkíyèsí pé ní ọ̀pọ̀ èdè Yúróòpù, ọ̀rọ̀ kan náà ni a ń lò fún méjèèjì. Nítorí náà, bí ọmọ kan bá wí pé olùkọ́ “learn” òun, kí a tọ́ ọ sọ́nà, ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi í ṣe ẹlẹ́yà; èdè ìyá rẹ̀ ni ó tẹ̀lé.

Johnson tìkára rẹ̀ ṣìṣe. Ó túmọ̀ “pastern” sí orúnkún ẹṣin, bẹ́ẹ̀ ni apá ẹsẹ̀ tí ó wà lókè pátákò ni. Obìnrin kan bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó dáhùn láìfi bò pé àìmọ̀ ni.

Ó kú ní 1784, a sì sin ín sí Westminster Abbey.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá lè jẹ́wọ́ àìmọ̀, ìtìjú wo ni ó wà fún olùkọ́ tí ó wí fún kíláàsì rẹ̀ pé òun yóò lọ wo ìwé wá? Ẹni tí ó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.