Fẹlá Aníkúlápó-Kútì: Ìtàn Ìgbésí Ayé Rẹ̀ àti Àríyànjiyàn Lórí Orin Lady

Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí yín. Bí ẹ bá wọ dánfó láti Ẹ̀gbẹ́dá lọ sí Ìkòtún, tàbí tí ẹ bá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù onígẹ̀run ní Ìgàndò, ó ṣeé ṣe kí ẹ gbọ́ fèrè rẹ̀ kí ẹ tó dìde. Fẹlá ni. Ó ti kú láti ọdún 1997, síbẹ̀ àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kò tíì parí ẹjọ́ lórí orin kan tí ó pè ní Lady. Àwọn kan ní ọgbọ́n ni Fẹlá fi kọ ọ́, àwọn mìíràn ní èébú obìnrin ni. Ọkùnrin àti obìnrin tí wọ́n jọ fẹ́ràn gbogbo orin rẹ̀ yòókù máa ń bá ara wọn jiyàn bí wọ́n bá dé orí èyí.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà, kí ẹ tó dá sí ẹjọ́ yìí, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí ó kọ orin náà àti ilé tí ó ti wá. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.

Ìbí àti Ìdílé Rẹ̀

Abẹ́òkúta ni a bí Fẹlá sí ní ọjọ́ 15, oṣù kẹwàá, ọdún 1938. Ilé onígbàgbọ́ àti ilé olùkọ́ ni. Bàbá rẹ̀ àgbà, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, jẹ́ olórin ìsìn. Ní ọdún 1922, ó kọ àwọn orin ìyìn ní èdè Yorùbá sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù. Bàbá Fẹlá, Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti, ni ọ̀gá àgbà Abeokuta Grammar School, òun náà sì ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà tí a mọ̀ sí NUT. Bàbá yìí kú ní ọdún 1955.

Ìyá rẹ̀ ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Ẹ dákun, ẹ fi orúkọ yìí sọ́kàn, nítorí òun ni kókó ẹjọ́ tí a fẹ́ dá. Ó wà lára àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n kọ́kọ́ wọ Abeokuta Grammar School, ó sì kàwé dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó padà dé, kò ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ìyá ọlọ́jà. Ìró, bùbá àti gèlè ni ó ń wọ̀. Yorùbá ni ó sì máa ń sọ níbi ìpàdé, àní bí àwọn aláṣẹ òyìnbó bá wà níbẹ̀, kí àwọn ìyá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè mọ ohun tí à ń sọ. Òun ló ṣáájú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Abẹ́òkúta nígbà tí wọ́n kọ̀ láti san owó orí tí ìjọba gbé ka obìnrin lórí. Ìjà náà le títí tí Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí oyè ní oṣù kìíní ọdún 1949. Ìparí ọdún 1950 ni ọba náà tó padà.

Ẹ̀gbọ́n Fẹlá obìnrin ni Dolúpọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni Olíkóyè, Bẹ́kọ̀ sì ni àbúrò. Àwọn ọkùnrin méjèèjì yìí di dókítà.

Bí Ó Ṣe Di Olórin

Ní ọdún 1958, wọ́n rán Fẹlá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀kọ́ ìṣègùn ni wọ́n rò pé ó lọ kọ́, ṣùgbọ́n Trinity College of Music ni ó wọ̀. Ibẹ̀ ni ó ti dá ẹgbẹ́ Koola Lobitos sílẹ̀, ibẹ̀ náà ni ó ti fẹ́ Rẹ̀mí, tí ó bí Yẹni àti Fẹ́mi fún un. Ó padà sí Nàìjíríà ní ọdún 1963. Orin hílàífù àti jáàsì ni ó ń lù nígbà náà, kò sì fi bẹ́ẹ̀ pa á lówó.

Ọdún 1969 ni òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Ní Los Angeles, ó pàdé ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú kan, Sandra Smith, tí a wá mọ̀ sí Sandra Izsadore. Obìnrin yìí ni ó fún un ní ìwé kà nípa ìjà àwọn aláwọ̀ dúdú, òun ló sì là á lójú sí ọ̀rọ̀ òṣèlú àti ìyà ilẹ̀ Áfíríkà. Nígbà tí Fẹlá padà dé Èkó, orin rẹ̀ ti yí padà. Ìlù Tony Allen, fèrè lóríṣiríṣi àti Gẹ̀ẹ́sì pijin tí gbogbo ará ọjà gbọ́ ni ó pa pọ̀ tí ó pè ní Afrobeat. Orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ náà di Africa 70. Empire Hotel ní Ìdí-Òro, Múṣin, ni wọ́n ti ń ṣeré, ibẹ̀ sì ni ó sọ di Shrine.

Orin Lady

Ọdún 1972 ni àwo orin tí a ń pè ní Shakara jáde. Orin méjì péré ló wà nínú rẹ̀. Shakara wà lójú kan, Lady wà lójú kejì, ó sì gùn ju ìṣẹ́jú mẹ́tàlá lọ. Nínú Lady, Fẹlá ń sọ ti obìnrin ilẹ̀ Áfíríkà kan tí kò fẹ́ kí á pe òun ní obìnrin lásán mọ́, àfi kí á fi orúkọ òyìnbó pe òun. Obìnrin náà fẹ́ kọ́kọ́ mú ẹran kí ẹlòmíràn tó mú, ó fẹ́ kí ọkùnrin ṣílẹ̀kùn fún òun, kí ọkùnrin máa fọ abọ́, ó sì ní òun àti ọkùnrin dọ́gba. Lẹ́yìn náà ni Fẹlá wá gbé e wé obìnrin mìíràn tí ó ń jó ijó iná, tí ó ń se oúnjẹ fún ọkọ, tí ó sì gbà pé ọkọ ni olórí.

Ẹ wá gbọ́ tọ̀tún-tòsì. Àwọn tí orin náà dùn mọ́ ní ẹ̀gàn àṣà òyìnbó ni, gẹ́gẹ́ bí Fẹlá ṣe fi àwọn tó ń wọ kóòtù àti táì nínú oòrùn Èkó ṣe yẹ̀yẹ́ nínú orin Gentleman ní ọdún 1973. Wọ́n ní bí ó ṣe bá ọkùnrin wí ni ó bá obìnrin wí. Wọ́n tún ní ẹ̀fẹ̀ ni, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì ń gbè é, àwọn obìnrin ni wọ́n ń jó sí i.

Àwọn tí kò fara mọ́ ọn ní kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní nínú Gentleman, ohun tí Fẹlá sọ fún ọkùnrin ni pé kí ó di ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú Lady, ohun tí ó sọ fún obìnrin ni pé kí ó sin ọkùnrin. Wọ́n ní ìgbà wo ni obìnrin Yorùbá wá di ẹni tí kò lóhùn? Ṣé Ẹfúnróyè Tinúbú kò gbé ilẹ̀ yìí rí ni? Ṣé Ìyálóde kì í jókòó láàrin ìjòyè ni?

Àwọn olórin mìíràn náà kò jẹ́ kí orin yìí sinmi. Hugh Masekela ti ilẹ̀ South Africa tún un kọ ní ọdún 1985. Ní ọdún 2013, Angélique Kidjo, ọmọ ilẹ̀ Benin, wà lára àwọn tó tún un kọ sínú àwo Red Hot + Fela, tí wọ́n fi ń ran ìjà àrùn éèdì lọ́wọ́.

Ohun Tí Ìgbésí Ayé Rẹ̀ Sọ

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ohun méjì ni Fẹlá so pọ̀ nínú orin yìí: fífi ara wé òyìnbó, àti kíkọ̀ láti wà lábẹ́ ọkùnrin. Lójú rẹ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó bí i ti já okùn yẹn láti ọjọ́ pípẹ́. Bùbá ni ó wọ̀, Yorùbá ni ó sọ, síbẹ̀ ó dojú kọ òyìnbó, ó dojú kọ ọba, ó sì béèrè ẹ̀tọ́ obìnrin láìbojú wẹ̀yìn. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé òyìnbó ni ó ń fara wé. Obìnrin mìíràn, Sandra, ni ó sì la Fẹlá lójú ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1976, Fẹlá fúnra rẹ̀ ló gbé gbohùngbohùn fún un láti kọ orin Upside Down.

Ọdún 1976 yìí kan náà ni Yellow Fever jáde, tí ó fi bá àwọn tó ń bó ara wí. Orin yìí náà dá ìjà sílẹ̀, nítorí ohùn tí ó fi bá obìnrin wí le. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tí kò fẹ́ràn Lady gbà pé òtítọ́ wà nínú èyí.

Ní ọjọ́ 18, oṣù kejì, ọdún 1977, lẹ́yìn orin Zombie tí ó fi sójà ṣẹ̀sín, àwọn sójà ya wọ ilé rẹ̀, Kalakuta, ní òpópónà Agége Motor Road. Wọ́n lu àwọn ará ilé, wọ́n fi ìyà jẹ àwọn obìnrin ibẹ̀, wọ́n sun ilé náà, wọ́n sì ju ìyá arúgbó láti ojú fèrèsé. Ìyá náà kò gbádùn mọ́ títí tí ó fi kú ní oṣù kẹrin ọdún 1978. Kí ìyá tó kú, ní oṣù kejì ọdún náà, Fẹlá fẹ́ obìnrin mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àwọn kan ní ó fi dáàbò bo orúkọ wọn ni, nítorí ìjọba àti àwọn aráàlú ń pè wọ́n ní ìpẹ́ẹ̀rẹ̀ ìgboro. Àwọn kan ní ìgbéraga ọkùnrin ni. Nígbà tí ó jáde lẹ́wọ̀n ní ọdún 1986, ó kọ àwọn ìyàwó tó kù sílẹ̀, ó ní owú àti ìmọtara-ẹni-nìkan ni ìgbéyàwó ń mú wá. Ẹ ò rí i pé èrò rẹ̀ kò dúró sójú kan.

Ikú Rẹ̀

Fẹlá kú ní ọjọ́ 2, oṣù kẹjọ, ọdún 1997. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Olíkóyè, tí ó ti jẹ́ mínísítà ètò ìlera rí, kò fi bò. Ó sọ fún gbogbo ayé pé àrùn éèdì ni ó pa á. Ní ìgbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ pé irọ́ ni àrùn náà, ọ̀rọ̀ yìí la ojú ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́. Ẹ sì wo ẹni tí ó wá gbé orúkọ rẹ̀ ró: ọmọbìnrin rẹ̀, Yẹni, ni ó dá ayẹyẹ Felabration sílẹ̀ ní ọdún 1998.

Ẹ̀kọ́ Inú Ìtàn Yìí

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe lé orin yìí jáde ní kíláàsì, ẹ má sì sọ ọ́ di òfin. Àwọn òwe wa pàápàá kò fi ohùn ṣọ̀kan lórí obìnrin. Àwọn kan wà tí ń ní obìnrin kò ṣeé finú hàn. Òmíràn sì sọ pé bí ọkùnrin rí ejò, tí obìnrin pa á, kí ejò má ṣáà ti lọ. Ẹni tí ó bá mú ọ̀kan tí ó fi ìkejì sílẹ̀ kò tíì sọ àṣà Yorùbá tán.

Ní tèmi, Fẹlá jàre nígbà tí ó ní kí á má ta ìwà wa fún òyìnbó, ó sì jẹ̀bi nígbà tí ó fi ọmọ tí ń béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ kún àwọn tó ń ta á. A lè fẹ́ràn olórin kan gan-an kí á má gba gbogbo orin rẹ̀ gbọ́. Ẹ̀yin òbí, bí orin náà bá ń lọ nílé, ẹ bi ọmọkùnrin yín ta ni ó yẹ kó fọ abọ́. Ìdáhùn rẹ̀ ni yóò sọ fún yín ohun tí orin náà ti kọ́ ọ.

Ìbéèrè Fún Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́

1. Ohun méjì wo ni Fẹlá so pọ̀ nínú orin Lady? Ǹjẹ́ wọ́n jẹ́ ọ̀kan náà lójú yín?
2. Báwo ni ìgbésí ayé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣe dáhùn orin náà?
3. Ẹ wá òwe méjì tí ó sọ̀rọ̀ rere nípa obìnrin àti méjì tí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jíròrò wọn ní kíláàsì.