GEORGE WASHINGTON CARVER, OLÙKỌ́ TÍ Ó FI ÌGÒ ORÍ ÀÀTÀN KỌ́NI

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àwáwí kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu wa nígbàkúùgbà tí a bá ti ìletò tí a ti lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ bọ̀. A ó ní ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ni kò ṣe é kọ́, nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n rán wa lọ kò ní ohun èlò kankan: kò sí ìgò ìdánwò, kò sí àtùpà, kò sí awò tí ń mú ohun kékeré tóbi lójú. Nítorí náà a ó kọ ọ̀rọ̀ sí ara pátákó, àwọn ọmọ yóò dà á kọ, wọn yóò kọ́ ọ sórí, ẹ̀kọ́ náà yóò sì parí síbẹ̀. Èmi pàápàá ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì ní fi í pamọ́. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ó tọ́ kí n sọ ìtàn ọkùnrin kan fún yín, ẹni tí ó bá irú àìní yìí pàdé, ṣùgbọ́n tí kò fi í ṣe àwáwí.

Ní nǹkan bí ọdún 1864 ni a bí George Washington Carver ní oko ọkùnrin kan tí à ń pè ní Moses Carver, lẹ́bàá ìletò Diamond ní ìpínlẹ̀ Missouri ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Kò sí ẹni tí ó kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé ẹrú ni Mary ìyá rẹ̀. Nígbà tí ó ṣì wà ní ọmọ ọwọ́, àwọn ajínigbé já wọ inú oko náà, wọ́n sì gbé ìyá àti ọmọ lọ. Moses Carver rán ènìyàn tọ̀ wọ́n lẹ́yìn. Ọmọ nìkan ni a rí gbà padà, ẹṣin kan ni ó sì fi san ẹ̀san fún ẹni tí ó gbà á wá. A kò rí ìyá náà mọ́ títí láé. Àwa ọmọ Òkun kò ní ṣàìmọ ohun tí irú ìpọ́njú bẹ́ẹ̀ jẹ́, nítorí pé ní ọ̀rúndún kan náà ni àwọn baba ńlá wa ní ilẹ̀ Òwé, Búnú, Ìjùmú àti Yàgbà ń sá gun orí òkè nítorí àwọn ẹlẹ́ṣin Tápà tí ń kó ènìyàn lẹ́rú.

Nígbà tí a fòpin sí oko ẹrú ní ọdún 1865, Moses àti Susan aya rẹ̀ tọ́ ọmọ náà dàgbà. Aláìlera ni, kò sì lè ṣe iṣẹ́ oko tí ó le. Nítorí náà Susan kọ́ ọ ní oúnjẹ sísè, aṣọ fífọ̀ àti abẹ́rẹ́ lílò. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, inú igbó ni yóò wà, tí yóò máa wo ewéko. Ó ní ọgbà kékeré kan tí ó fi pamọ́ sínú igbó, níbi tí ó ti ń tọ́jú igi tí ó ń ṣàìsàn, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aládùúgbò fi ń pè é ní dókítà ewéko.

Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà nítòsí kò gba ọmọ dúdú. Ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ìlú Neosho láti wá ẹ̀kọ́, láti ibẹ̀ ni ó sì ti kọjá lọ sí ìpínlẹ̀ Kansas, tí ó ń fọ aṣọ, tí ó sì ń se oúnjẹ fún ènìyàn láti rí owó ilé-ẹ̀kọ́ san. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan fi ìwé gbà á wọlé; ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ẹnu ọ̀nà wọn tí wọ́n rí i pé ènìyàn dúdú ni, wọ́n dá a padà. Kò jẹ́ kí ìyẹn pa iná ọkàn rẹ̀. Ní ọdún 1890 ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ Simpson ní ìpínlẹ̀ Iowa láti kọ́ àwòrán yíyà. Olùkọ́ rẹ̀ rí bí ó ti ń ya ewéko, ó sì gbà á ní ìmọ̀ràn pé kí ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ewéko àti iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ames. Ibẹ̀ ni ó ti gba oyè àkọ́kọ́ ní ọdún 1894, àti oyè kejì ní ọdún 1896. Òun ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ó kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, òun náà sì ni ẹni dúdú àkọ́kọ́ tí ó di olùkọ́ níbẹ̀.

Ní ọdún 1896 yìí kan náà ni Booker T. Washington ránṣẹ́ pè é sí Tuskegee ní ìpínlẹ̀ Alabama, kí ó wá ṣe olórí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ àwọn tí ó ti jẹ́ ẹrú. Ní Ames, ohun èlò kún iyàrá ìdánwò. Ní Tuskegee, kò sí iyàrá ìdánwò rárá. Kò kọ ìwé ìkọ̀ṣẹ́. Ó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ sí orí ààtàn, wọ́n sì ṣa ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti dànù. Ó gé ọrùn ìgò, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì di ife ìdánwò. Ìgò yíǹkì tí a ti òwú bọ̀ lẹ́nu di àtùpà. Ife tíì tí ó ti sán di odó tí a fi ń lọ erùpẹ̀, esùsú sì di ọ̀pá tí omi ń gbà kọjá. Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí èyí dáradára: kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun èlò ti mọ ohun tí a fẹ́ fi í ṣe.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó ṣe ń kọ́ni. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí oòrùn tó là, ó ti wọ inú igbó lọ láti wá ewé, òkúta àti kòkòrò tí yóò lò ní ọjọ́ náà. Òun a máa gbé ohun náà sí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kí ó tó sọ orúkọ rẹ̀. Àwọn Yorùbá ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ẹ̀kọ́ Carver dúró lórí èyí pátápátá. Ní ọdún 1910 ó tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde fún àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ oko, tí ó kọ́ wọn bí a ti í dá ọgbà sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ àti bí a ti í fi ọgbà náà kọ́ ọmọdé.

Kì í ṣe ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ni ó kọ́. Òwú, irú èyí tí àwọn ìyá wa ní Búnú ti fi ń hun aṣọ láti ìgbà pípẹ́, ni àwọn àgbẹ̀ Alabama ń gbìn lọ́dọọdún lórí ilẹ̀ kan náà, títí ilẹ̀ fi ṣá. Carver gbà wọ́n ní ìyànjú pé kí wọ́n máa fi ẹ̀wà àti ẹ̀pà pààrọ̀ òwú, kí wọ́n sì máa gbin ọ̀dùnkún pẹ̀lú. Ìdí rẹ̀ ni pé kókó wẹ́wẹ́ wà lára gbòǹgbò ẹ̀wà àti ẹ̀pà, inú kókó wọ̀nyí ni àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú kò lè rí ń gbé, àwọn ni wọ́n sì ń gba náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń sọ ọ́ di oúnjẹ fún ewéko àti fún ilẹ̀. Nígbà tí ó rí i pé àgbẹ̀ tálákà kò lè wá sí Tuskegee, ó gbé ilé-ẹ̀kọ́ tọ̀ wọ́n lọ. Ní ọdún 1906 wọ́n kan kẹ̀kẹ́ ẹrù kan tí ẹranko ń fà, wọ́n kó irinṣẹ́ àti irúgbìn sínú rẹ̀, Thomas Campbell tí ó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Tuskegee sì ń wà á káàkiri oko. Ní ọdún 1911 Carver tún kọ́ àwọn ará oko bí a ti í fi amọ̀ ilẹ̀ wọn kun ilé, kí tálákà pàápàá lè gbé ibi tí ó dára.

Ìmọ̀ Tuskegee dé etí òkun tiwa náà. Ní ọdún 1901 àwọn ọkùnrin mẹ́rin láti ibẹ̀ gúnlẹ̀ sí Tógò, tí ó wà lábẹ́ Jámánì nígbà náà, láti kọ́ni ní ọ̀gbìn òwú. Àwọn ẹranko tí ó yẹ kí ó fa ohun ìtúlẹ̀ kú nítorí àrùn tí eṣinṣin ń fà, ènìyàn ni ó sì wá ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù. Èyí kọ́ wa pé a kò lè ru ẹ̀kọ́ láti ilẹ̀ kan wá sí òmíràn bí ẹni ru ẹrù. A ní láti bi ilẹ̀ tí a dúró lé léèrè. Thomas Campbell tí ó wa kẹ̀kẹ́ náà sì wà lára àwọn mẹ́ta tí wọ́n wá wo ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfríkà, tí a tẹ ìwé ìròyìn wọn ní ọdún 1945.

Kò yẹ kí a sọ Carver di ẹni tí kò ní àbùkù. Kò mọ ètò ọ́fíìsì ṣe. Ọgbà adìyẹ tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀ kò lọ dáradára, òun àti Washington sì bá ara wọn ṣe àríyànjiyàn lọ́pọ̀ ìgbà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa wí pé òun ni ó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀pà lílọ̀ tí a fi ń jẹ búrẹ́dì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ohun tí ó fi ẹ̀pà ṣe, díẹ̀ ni ó dé ọjà. Síbẹ̀, ní ọdún 1921, nígbà tí ó dúró níwájú ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin nítorí owó-orí ẹ̀pà, ìṣẹ́jú 10 ni wọ́n fún un. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń yọ nǹkan jáde nínú àpótí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní kí ó máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ títí yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Níbẹ̀ pẹ̀lú, olùkọ́ ni ó jẹ́. Ó kú ní ọjọ́ 5 oṣù January, ọdún 1943, ó sì fi owó tí ó ti fi pamọ́ sílẹ̀ fún ìwádìí ìjìnlẹ̀ ní Tuskegee. Ẹ̀gbẹ́ Washington ni a sin ín sí.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, láìpẹ́ a ó tún tú ká lọ sí ìletò. Bí a kò bá rí ohun èlò níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a mú àwọn ọmọ lọ sí oko. Kí wọ́n fa ẹ̀wà kan àti àgbàdo kan tu, kí wọ́n fọ gbòǹgbò méjèèjì, kí wọ́n sì wò wọ́n. Kí wọ́n ya kókó ara gbòǹgbò ẹ̀wà sí méjì; bí inú rẹ̀ bá pọ́n, iṣẹ́ ń lọ níbẹ̀. Ní ọdún kejì, kí wọ́n gbin àgbàdo sí ibi tí ẹ̀wà ti hù àti sí ibi tí kò ti hù rí, kí wọ́n sì fi okùn wọn gíga wọn. Ẹ̀kọ́ yìí kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ní ti èmi, ẹnu mi ti wọlé. N kò tún ní sọ mọ́ pé kò sí ohun èlò, níwọ̀n ìgbà tí ààtàn bá wà lẹ́yìnkùlé tí ilẹ̀ sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.