Florence Nightingale àti Ààbò Àwọn Tó Ń Tọ́jú Ẹlòmíràn

Púpọ̀ nínú àwọn ìyá àti ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Woolwich àti Thamesmead ló jẹ́ nọ́ọ̀sì, olùtọ́jú arúgbó tàbí tíṣà. Nítorí tiwọn la ṣe mú ìtàn Florence Nightingale wá lọ́tẹ̀ yìí.

Ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún, ọdún 1820 ni wọ́n bí i ní ìlú Florence ní Ítálì. Orúkọ ìlú náà ni wọ́n fi sọ ọ́. Olówó ni àwọn òbí rẹ̀. Ní ọdún 1837 ó gbà pé Ọlọ́run pe òun sí iṣẹ́ ìsìn, ṣùgbọ́n nígbà tó ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lòun fẹ́ ṣe, inú bí àwọn ẹbí rẹ̀, nítorí iṣẹ́ yẹpẹrẹ ni wọ́n kà á sí láyé ìgbà náà. Síbẹ̀, ó lọ kọ́ṣẹ́ ní Kaiserswerth ní Jámánì ní 1851.

Nígbà tí ogun Crimea bẹ́ sílẹ̀, ó kó nọ́ọ̀sì 38 lọ sí Scutari ní ilẹ̀ Tọ́kì, ní oṣù Kọkànlá ọdún 1854. Àwọn aláìsàn há mọ́ ara wọn, gọ́tà dí lábẹ́ ilé, afẹ́fẹ́ kò rọ́nà wọlé. Onígbáméjì, ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ àti ibà ń pa sójà ju ọta ìbọn lọ. Bí àwọn nọ́ọ̀sì ti ń ṣe wàhálà tó, òkú kò dín kù. Ó di oṣù Kẹta ọdún 1855, tí ìjọba rán àwọn ọ̀gá ìmọ́tótó wá láti la gọ́tà, kí ikú tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì kú sẹ́nu iṣẹ́. Nightingale fúnra rẹ̀ kó ibà, ó kù díẹ̀ kó kú, ara rẹ̀ kò sì padà bọ̀ sípò fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nígbà tó padà dé ní 1856, òun àti William Farr, ọ̀gá nínú ìṣirò, jókòó ka òkú. Ó wá yé e pé inú rere nìkan kò tó bí ibi iṣẹ́ bá léwu. Ó tún kó àkọsílẹ̀ ikú àwọn nọ́ọ̀sì ọsibítù 15 ní Lọ́ńdọ̀nù jọ, ó sì rí i pé àrùn tó ń ràn ń pa wọ́n ju àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wọn lọ. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé rẹ̀ lórí ọsibítù ní 1863.

Ní 1860 ni ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní St Thomas'. Ibẹ̀ náà ni ọmọ wa, Kofoworọla Abẹni Pratt, ti kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Nítòsí wa níhìn-ín, ìmọ̀ràn rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ lé tí wọ́n fi kọ́ Herbert Hospital ní Shooters Hill, tó ṣí ní 1865: wọ́n pín in sí abala-abala, fèrèsé sì wà lọ́tùn-ún lósì. Ó ti pa ní 1977. Ilé gbígbé ló dà báyìí. Nightingale kú ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ, ọdún 1910, lẹ́ni 90 ọdún.

Nígbà tí Kòrónà dé ní 2020, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fún ọsibítù pàjáwìrì ní ExCeL, lódìkejì odò Thames. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ wa lálaalẹ́ Ọjọ́bọ̀, bẹ́ẹ̀ ìbòmú kò tó ní ọ̀pọ̀ ibi. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, kánsù Greenwich ní kí àwọn ilé ìwé ti ilẹ̀kùn nítorí àrùn tó ń gbèrú. Ìjọba àpapọ̀ halẹ̀ ilé ẹjọ́ mọ́ wọn, kánsù sì fà sẹ́yìn. Àárín àwọn méjèèjì ni àwọn tíṣà wà.

Ẹ̀yin ará, kì í ṣe àìnígbàgbọ́ ni kí òṣìṣẹ́ béèrè ìbòmú, fèrèsé tó ṣí, tàbí ìsinmi nígbà àìsàn. Nightingale gbàdúrà, ó sì tún ka òkú, ó sì kọ̀wé sí ìjọba. Bí a bá rí nọ́ọ̀sì tàbí tíṣà láàrín wa, ẹ má jẹ́ kí a kí wọn kú iṣẹ́ nìkan. Ẹ jẹ́ kí a bi wọ́n bóyá ààbò wà níbi iṣẹ́ wọn. Kí Olúwa máa pa gbogbo wọn mọ́.